Ọmọ Ọdún 17 Tí Wọ́n Ní Kí Ó Fọwọ́ Sí Ìwé Dókítà

  Ọ̀rọ̀ orí fífọ́ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ibi tí orí fífọ́ náà yóò gbé wa dé jìnnà díẹ̀: Amẹ́ríkà ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Agboolé tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò kan lọ́hùn-ún kò pọ̀ mọ́ ní ìlú wa, ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ yìí sì ti ń jí àwọn àgbà ilé lójú oorun.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, àbúrò mi ọkùnrin tí ó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá sílé wá ṣe ọdún Kérésìmesì. Obìnrin ni àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà náà, ó sì wà ní kíláàsì àṣekẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó jọ ìyá tí ó bí wa bí ìmumu, nítorí náà Ìyá Kékeré ni gbogbo wa ń pè é.

Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n dé, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ní ibà ni, pé ẹ̀fọn ilé kò mọ àlejò. Mo sọ fún un pé ibà ẹ̀fọn kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ̀fọn bá ti jẹ ènìyàn, ó máa ń tó ọjọ́ 7, ó tilẹ̀ sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ibà tó yọjú. Síbẹ̀, mo gún un ní ìka, mo yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kò sí ibà níbẹ̀. Mo wọn ìfúnpá rẹ̀, ó wà bí ó ti yẹ kí ó wà. Mo wá bi í ní ohun tí a máa ń bi gbogbo aláìsàn ní dìsìpẹ́ńsárì: "Kí ni o jẹ láàárọ̀? Wákàtí mélòó ni o fi sùn?"

Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀. Mo ní kí ìyàwó wa bá mi wo ọbẹ̀ tí ó wà lórí iná.

Nígbà tí ó ku àwa méjì ni ó tó sọ òtítọ́. Láti ìgbà tí ó ti wọ kíláàsì náà, wákàtí 4 ni ó fi ń sùn lóru. Kọfí ni oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀. Bí orí bá fọ́ ọ, yóò lo oògùn tí wọ́n ń pè ní ibuprofen, lórí ikùn òfìfo, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Inú sì ti ń ta á pẹ̀lú. Mo bi í pé kí ni ó ń lé. Ó dáhùn pé, "Mọ́mì Ìbàdàn, Dádì ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé dókítà ni mí. Mi ò tíì wọ yunifásítì."

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ọmọ náà ń lé, kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

BÍ A ṢE Ń DI DÓKÍTÀ NÍHÌN-ÍN ÀTI LỌ́HÙN-ÚN

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ọ̀nà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi lé wa lọ́wọ́ ni a ń tọ̀. Ọmọ tí ó bá jáde girama, tí ó yege nínú ìdánwò JAMB, lè wọ ẹ̀kọ́ ìṣègùn tààrà. Ọdún 6 ni yóò fi kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, yóò ṣe háúsìjọ́ọ̀bù fún ọdún 1 lábẹ́ àwọn àgbà dókítà, yóò sì sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún 1. Ní ọdún 1948 ni wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Lọ́ńdọ̀nù sì ni àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé ń lọ parí apá ti ọsibítù, kí UCH tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1957.

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Lọ́hùn-ún, ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ yunifásítì fún ọdún 4, kí ó gba oyè kìíní, kí ó tó kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ dókítà, tí í ṣe ọdún 4 mìíràn. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Johns Hopkins ní Baltimore, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1893, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi dandan lé e pé ẹni tí kò bá ní oyè kìíní kò gbọdọ̀ wọlé. Ní ọdún 1910, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Abraham Flexner yẹ gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ilẹ̀ náà wò, ó sì kọ ìwé tí ó fi ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn gbolẹ̀. Láti ìgbà ìwé Flexner ni àṣà Johns Hopkins ti ràn káàkiri.

Láàárín ọdún 4 ti ìṣáájú àti ọdún 4 ti ìkẹyìn ni afárá kan wà, afárá náà kò sì fẹ̀. Ìdánwò MCAT ni olórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó sí ìdánwò náà yóò lo nǹkan bí wákàtí 7 àbọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀díẹ̀. Nínú àwọn tí ń kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ dókítà lọ́dọọdún, àwọn tí ń wọlé kò tó ìdajì. Bí ènìyàn bá sì parí tán, kò tíì parí. Yóò tún kọ́ṣẹ́ nínú ọsibítù. Ọdún 3 ni ti dókítà ìdílé, ọdún 7 sì ni ti ẹni tí yóò máa ṣiṣẹ́ abẹ nínú ọpọlọ. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2003 ní kí iṣẹ́ àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ yìí má ṣe ju wákàtí 80 lọ lọ́sẹ̀. Ẹ ronú nípa ohun tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ kí òfin náà tó dé. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 18 yóò ti tó ọdún 29, nígbà mìíràn ọdún 33, kí ó tó dá dúró.

Ohun tí ọmọ wa ń lé ni ọ̀nà kan tí kò gba orí afárá yẹn bí ti àwọn yòókù. Ẹ̀kọ́ alápapọ̀ ni mo ń pè é. Ọmọ yóò kọ̀wé láti ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí wọ́n bá gbà á, wọ́n gbà á sí yunifásítì àti sí ilé ẹ̀kọ́ dókítà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kì í ṣe bákan náà. Ti Yunifásítì Missouri ní Kansas City, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1971, ọdún 6 ni. Èyí tí ó wà ní City College ní Harlem, ní New York, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1973 kí àwọn ọmọ tálákà lè di dókítà fún àdúgbò tí kò ní dókítà, ọdún 7 ni. Ti Yunifásítì Brown, ọdún 8 gan-an ni, kò gé ọdún kankan kúrò. Ohun tí ó fi fún ọmọ ni ìfọ̀kànbalẹ̀: kò ní ṣe MCAT, yóò sì lè kọ́ ohun mìíràn tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́ láàárín ọdún 4 ìṣáájú.

Ẹ rí i pé ohun dáadáa ni. Èwo nínú wa ni wọn yóò fi irú rẹ̀ lọ̀, tí kò ní na ọwọ́ méjèèjì sí i? Àwọn tí ń wọlé kò pọ̀ rárá, àwọn tí ó sì mú ipò kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ wọn ni ó ń bá ara wọn jà sí i. Ìdí nìyí tí ọmọ wa kò fi ń sùn.

ÀṢÌṢE TÈMI

Ní ọjọ́ náà, mo fún ọmọ náà ní ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín. Mo gba oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sọ fún un pé oògùn yẹn lórí ikùn òfìfo a máa dá ọgbẹ́ sí inú. Títí dé ibẹ̀, mo ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ni mo wá ya ẹnu mi sí ohun tí kò kàn mí. Mo ní, "Ìyá Kékeré, bí wọ́n bá gbà ọ́, má ṣe ronú lẹ́ẹ̀mejì. Fọwọ́ sí i kíákíá."

Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó sì yí ojú sí ògiri.

Inú mi dùn lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rò pé mo ti gba ọmọ nímọ̀ràn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ara mi ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìgbà tí èmi náà wà ní irú ọjọ́ orí rẹ̀, dókítà ni mo fẹ́ dà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ìdánwò JAMB, ẹ̀ẹ̀mejì ni máàkì mi kò tó ti ìṣègùn. Nígbà tí mo gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, bàbá wa kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù kan gbáko. Mo parí ọdún 3 náà, mo gba ìwé ẹ̀rí, mo sì ti ń wẹ egbò, mo ti ń gba ẹ̀bí, mo ti ń fún ọmọ wẹ́wẹ́ ní abẹ́rẹ́ láti ìgbà náà. N kò kábàámọ̀ iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí a kò rí mú ṣẹ kì í kú bọ̀rọ̀. Ó lè sùn fún ọgbọ̀n ọdún, kí ó wá jí lórí ọmọ ọlọ́mọ.

Kí wọ́n tó padà lọ, ọmọ náà tẹ̀lé mi lọ sí dìsìpẹ́ńsárì fún ọjọ́ 4. Mo fi sí ìdí tábìlì pé kí ó máa kọ orúkọ. Ní ọjọ́ kejì, bàbá arúgbó kan wá, tí egbò ti wà ní ojúgun rẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ egbò mọ bí ó ti ń rùn. Ọmọ náà kò di imú. Ó ń na owú àti bándéèjì sí mi, nígbà tí mo sì parí, ó fi Yorùbá tirẹ̀ tí kò já gaara bi bàbá náà pé, "Bàbá, ta ló ń bá yín wẹ̀ ẹ́ nílé?" Bàbá náà sọ pé kò sí ẹnìkankan, pé ìyàwó òun ti kú. Ọdún kan ni bàbá yẹn ti ń wá, n kò bi í rí.

Ọjọ́bọ̀ ni dókítà máa ń wá sọ́dọ̀ wa. Ó wo egbò náà, ó kọ oògùn, ó kọjá sí ẹlòmíràn, nítorí èrò pọ̀. Ní ọ̀nà ilé, ọmọ náà bi mí pé, "Mọ́mì Ìbàdàn, èwo ni mo fẹ́ràn níbẹ̀, iṣẹ́ dókítà ni àbí iṣẹ́ tiyín?" N kò lè dá a lóhùn. Ìbéèrè yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ alápapọ̀ ń fẹ́ kí ọmọ ọdún 17 ti dáhùn tán.

AAGO MÉJÌ ÒRU

Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2025, ìwé dé. Ilé ẹ̀kọ́ alápapọ̀ kan tí ó jẹ́ ọdún 7 gba ọmọ wa. Yunifásítì ìjọba kan tí kò jìnnà sí ilé wọn gbà á pẹ̀lú, lọ́nà ti tẹ́lẹ̀, ó sì fún un ní sikọ́láṣípù. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ni ó gbọ́dọ̀ fèsì. Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, ní aago méjì òru wa, tí í ṣe aago mẹ́jọ alẹ́ wọn, tẹlifóònù mi dún. Ọmọ náà ń sunkún. Bàbá rẹ̀ ti ní kí ó fọwọ́ sí i, kí ọ̀rọ̀ parí.

Mo dìde jókòó. Mo sọ ti JAMB fún un, ti oṣù tí bàbá wa kò fi bá mi sọ̀rọ̀, àti pé ìmọ̀ràn tí mo fún un ní oṣù kejìlá kì í ṣe tirẹ̀, tèmi ni. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá ní, "Kí wá ni kí n ṣe?" Mo ní kí ó mú bírò àti ìwé. Mo ní a kì í fún aláìsàn ní oògùn kí a tó bi í léèrè. Kí ó lọ bi ilé ẹ̀kọ́ náà léèrè fúnra rẹ̀, kì í ṣe bàbá rẹ̀ ni yóò bi í. Àwọn ìbéèrè tí a kọ nìwọ̀nyí, mo sì gbé wọn síhìn-ín nítorí ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀:

Èkíní: Máàkì wo ni mo gbọ́dọ̀ máa gbà kí àyè mi má bàa bọ́? Bí mo bá ṣubú ní sáà kan, ẹ ó fún mi láyè láti dìde?

Èkejì: Ṣé n ó ṣe MCAT tàbí n kò ní ṣe é? Bí n ó bá ṣe é, máàkì mélòó ni ẹ ń fẹ́?

Ẹ̀kẹta: Bí mo bá rí i pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tèmi, ṣé mo lè gba oyè kìíní kí n sì máa lọ, láìsan owó ìtanràn?

Ẹ̀kẹrin: Bí mo bá fẹ́ kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ dókítà mìíràn, ṣé ẹ ó gba àyè tèmi lọ́wọ́ mi?

Ẹ̀karùn-ún: Ọdún tí ẹ gé kúrò, kí ni ẹ fi dí i? Ìsinmi ìgbà ooru ni, tàbí ẹ̀kọ́ mìíràn?

Ẹ̀kẹfà: Nínú àwọn tí ó wọlé pọ̀, mélòó ni ó parí? Àwọn tí kò parí, níbo ni wọ́n wà?

Èkeje: Èló ni gbogbo rẹ̀, ta ni yóò sì san án?

Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo ìbéèrè kéje. Òfin kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní oṣù keje ọdún 2025 sọ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2026, ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá owó lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ dókítà kò ní lè yá ju dọ́là 50,000 lọ́dún, tàbí dọ́là 200,000 lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni owó wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ tilẹ̀ ń gbèrò láti rán ọmọ láti ìhín lọ síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀kọ́ alápapọ̀ yìí kì í gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà tàbí ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú títí ayé, ìjọba wọn kì í sì í yá àlejò lówó.

Ọmọ náà pe ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún. Ó béèrè gbogbo rẹ̀, ó kọ èsì sílẹ̀, ó kà á fún mi. Yóò ṣe MCAT, ṣùgbọ́n máàkì tí wọ́n ń fẹ́ kò ga bí ti àwọn tó ń wá láti ìta. Bí ó bá kọ̀wé sí ibòmíràn, àyè rẹ̀ bọ́. Bí ó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ìṣègùn sílẹ̀, yóò parí oyè kìíní rẹ̀, kò sì sí ìtanràn. Mo wá rí i pé ilẹ̀kùn wà ní ilé náà tí ènìyàn lè gbà jáde. Ẹni tí kò sí ilẹ̀kùn lọ́dọ̀ rẹ̀ ni bàbá ọmọ.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ̀rọ̀ pọ̀ lórí tẹlifóònù. Àbúrò mi bínú. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ò ṣe bí ẹni tó fẹ́ ire fún mi. Èmi ń ṣiṣẹ́ òru, ìyá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru, ọ̀nà là fún ọmọ, ẹ ní kó máa bèèrè ibi tí wọ́n ń gbà jáde." N kò bá a jà, nítorí òótọ́ ni ó sọ. Wọ́n jìyà púpọ̀ nílùú òyìnbó. Mo kàn bi í pé, "Nígbà tí bàbá wa kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù kan, ta ni ó ń gbé oúnjẹ wá bá mi nínú yàrá?" Ọmọ ọdún 11 ni ó jẹ́ nígbà náà. Òun ni.

Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ó pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ. Ó ní, "Tí o bá lọ, tí ọdún kejì parí, tí o sọ pé o ò ṣe mọ́, mi ò ní pariwo lé ẹ lórí." Ìyá ọmọ ní kí ó fi kún un pé kò ní lọ pe pásítọ̀. Ó ní òun kò ní lọ pe pásítọ̀. Mo ní èmi ni ẹlẹ́rìí.

Ọmọ náà fọwọ́ sí ìwé ọlọ́dún 7 náà ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin. Mo bi í ohun tí ó mú un yàn án. Ó ní òun ro bàbá ẹlẹ́sẹ̀ yẹn. Ó ní òun fẹ́ jẹ́ dókítà tí yóò bi í léèrè. Bóyá yóò rí bẹ́ẹ̀, èmi kò mọ̀. Ọdún kejì tí a dá kò tíì pé. Ó sọ fún mi pé òun ń sùn wákàtí 7 báyìí, n kò gba gbogbo rẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n orí fífọ́ náà ti lọ.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ MÚ DÁNÍ

Ẹ̀yin òbí, bóyá Amẹ́ríkà ni ọmọ yín wà tàbí Mushin, ọ̀ràn kan náà ni. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn tiwa níhìn-ín, ọ̀nà kan ṣoṣo náà ni, láti ọmọ ọdún 16 tàbí 17. Nítorí náà:

Ọmọ tí ó wà láàárín ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Ọmọ tí ó ń sùn wákàtí 4 kò ní mọ ìwé ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tí ó kà lóru, oorun ni í tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí.

Bí orí bá ń fọ́ ọmọ, tí inú ń ta á, tí kò jẹun, tí ó ń bínú láìnídìí, ẹ jẹ́ kí a yẹ ibà wò. Bí a kò bá rí ibà, ẹ má ṣe máa fi oògùn ibà kún oògùn ibà. Ẹ bi í ní ohun tí ó ń bà á lẹ́rù, kí ẹ sì rí i pé ẹni tí ó ń bẹ̀rù kò sí nínú yàrá nígbà tí ẹ bá ń bi í.

Ẹ má ṣe fún un ní oògùn orí fífọ́ lórí ikùn òfìfo. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ó ń bì ẹ̀jẹ̀, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀.

Bí ọmọ bá sọ pé ó sàn kí òun kú, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ gbé e wá sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ìwádìí ńlá kan tí ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà, JAMA, gbé jáde ní ọdún 2016, tí ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pọ̀, rí i pé nínú 100 wọn, nǹkan bí 27 ni ó ní àmì ìbànújẹ́ ọkàn. Àwọn tí ó ti wọlé tán nìyẹn.

Kí ọmọ tó yàn án, ẹ jẹ́ kí ó jókòó ní dìsìpẹ́ńsárì tàbí ọsibítù kan fún ọjọ́ díẹ̀, kí ó rí iṣẹ́ náà, kí ó gbóòórùn rẹ̀. Ẹ béèrè àyè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ibẹ̀, kí ó sì pa àṣírí aláìsàn mọ́.

Paríparí rẹ̀, kí ẹ tó gba ọmọ nímọ̀ràn, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè: ṣé ọmọ yìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀, tàbí èmi fúnra mi ní ọmọ ọdún 17? Ó pẹ́ kí n tó bi ara mi bẹ́ẹ̀. Bàbá ẹlẹ́sẹ̀ ṣì ń wá. Ọmọ aládùúgbò rẹ̀ kan ni ó ń bá a wẹ egbò nílé báyìí, mo ti kọ́ ọmọ náà bí a ti ń ṣe é, egbò náà sì ti ń kéré sí i.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹ máa ṣe ìtọ́jú ara yín.